Orlando Owoh, káfíńtà tó di olórin: ṣé ẹ̀rọ ilé yín lè gbé ohùn ẹ̀?

Bẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Ọ̀wọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń lọ sí Benin, ẹ máa gba Ẹlẹ́gbẹ̀ka kọjá kẹ́ ẹ tó dé Ìfọ̀n, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́. Ọ̀nà yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn tí wọ́n bá ti dárúkọ Orlando Owoh, torí pé ìlú méjèèjì ló ni ín. Ọmọ Ìfọ̀n ni bàbá ẹ̀, Jeremiah Ọlátúnjí Owómóyèlà. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ìyá ẹ̀, Christiana Mórẹ́nikẹ́. Òun fúnra ẹ̀, Òṣogbo ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1932, Stephen Ọládípúpọ̀ sì ni wọ́n sọ ọ́.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí? Àwo ẹ̀ ni mo jogún, mi ò sì rí nǹkan fi gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló kú ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù wọn, àwọn ọmọ wọn mú jẹnẹrétọ̀, wọ́n mú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n mú fìríìjì. Èmi mú páálí àwo kan tẹ́nikẹ́ni ò bá mi dù. Àwo Orlando Owoh mọ́kànlá ló wà nínú ẹ̀, àwọn kan ti yọ kúrò nínú àpò wọn, eruku sì bo gbogbo wọn. Wọ́n ní kí n kó ẹ̀rọ tí bọ̀ọ̀dá fi ń gbọ́ wọn mọ́ ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù máa kó o lọ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ wo ẹ̀rọ o. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan ni wọ́n tò ó sí. Ṣéńjà tó ń lu àwo ló wà lókè pátápátá. Áńpù wà lábẹ́ ẹ̀. Equalizer kan wà tí iná pupa àti iná ewé máa ń jó lójú ẹ̀. Ilé kásẹ́ẹ̀tì oníhò méjì, rédíò, ẹ̀rọ sídì tó ń gba sídì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, sípíkà ńlá mẹ́rin. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, wọ́n tún ra home theatre oní-DVD nígbà tó dé, ìyẹn náà sì ní sípíkà kéékèèké tiẹ̀. Wáyà tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn pọ̀ ju ìtàkùn inú oko iṣu lọ. Nígbà tí mo tan án, nǹkan kan ṣoṣo tó dáhùn ni ariwo bíi ti oyin nínú ilé oyin.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ṣebí Orlando Owoh wà lórí fóònù? Ó wà. Mo ti gbọ́ ọ níbẹ̀. Ẹnì kan da kásẹ́ẹ̀tì tó ti gbó kọ sórí kọ̀ǹpútà, ó gé ojú àwo sí méjì tàbí mẹ́ta, ó fi orúkọ tó wù ú sí i, ó jù ú síta. Sípíkà fóònù ò tóbi ju èékánná lọ, kò lè gbé báàsì. Ìlù ńlá á lọ, gìtá báàsì á lọ, ohùn nìkan á kù tó ń dún bí ẹni tó wà nínú agolo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ Orlando báyìí á ní ariwo àwọn àgbà ni, á sì yí i kọjá. Mi ò bá a wí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí ìtàn. Káfíńtà ni ọkùnrin yìí. Kì í ṣe pé ó gbá ìṣó fún oṣù mélòó kan nígbà tó ń wá iṣẹ́ gidi o, iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn, tó sì fi ń jẹun títí di 1958. Ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ eré Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbà á pé kó máa lu ìlù, kó sì máa kọrin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ eré orí ìtàgé nínú fídíò nìkan, ẹ ro ohun tí iṣẹ́ yẹn jẹ́ nígbà náà. Ẹgbẹ́ tó ń ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì ni. Èèyàn á lu ìlù, á kọrin, á jó, á tún bá wọn kó ẹrù sọ́kọ̀. Àwọn tó wá wòran ò ní jókòó pẹ́ tí ohùn ò bá dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Mo gbà pé ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn dání láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjẹ́ kó dìde.

Fatai Rolling Dollar wà lára àwọn tó tọ́ ọ sọ́nà nínú iṣẹ́ orin. Ẹni yẹn kan náà tọ́ Ebenezer Obey sọ́nà. Nígbà tó di 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, Ọládípúpọ̀ dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Omimah Band. Ó wá di Orlando Owoh. Nígbà tó yá, ó yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Young Kenneries, lẹ́yìn náà ó tún di African Kenneries. Létí mi, orúkọ yẹn jọ ti ẹyẹ kenérì tó máa ń kọrin nínú àgò. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn ẹ̀ rí máa rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí pé ohùn kenérì mọ́, ohùn Orlando ha. Ó dà bí ohùn ẹni tí òtútù mú tó sì tún fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí. Ohùn yẹn gan-an làwọn èèyàn fẹ́ràn.

Ibi tí mò ń lọ nìyí o. Àwo kékeré ni wọ́n fi ń gbé orin jáde nígbà tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń gbà. Ilé iṣẹ́ Decca wà lára àwọn tó tẹ àwo fún un. Kí olórin tó kí èèyàn tán, orin ti parí. Nígbà tí àwo ńlá wá gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, èyí tó ń yí nígbà 33 àti ìdá mẹ́ta, ojú kan ṣoṣo lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Orlando ò pín ogún ìṣẹ́jú yẹn sí orin márùn-ún bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe. Orin kan wọnú ìkejì ni. Á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, á bọ́ sórí ìkìlọ̀, á ki ẹnì kan tó ní owó, á ṣe yẹ̀yẹ́ ẹnì kan tí kò dárúkọ, á dé ọ̀rọ̀ obìnrin, gìtá ò sì ní dúró. Háíláìfù ni wọ́n ń pè é, àmọ́ jùjú wà nínú ẹ̀, ohùn eré Ògúnmọ́lá náà wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gé irú orin bẹ́ẹ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin fún fóònù, bí ẹni tó gé ìtàn àlọ́ ní àárín ni.

Àwo ńlá tó ṣe lé ní ogójì. Oríkì Ìlú Òkè, Ìyàwó Ọ̀lẹ̀lẹ̀, Lógbà Lógbà, Yabomisa Sawale: àwọn àgbà á dárúkọ wọn fún yín láìronú. Mo fẹ́ràn Oríkì Ìlú Òkè jù nínú gbogbo wọn, torí pé ọmọ tí wọn ò bí sí ìlú bàbá ẹ̀ tàbí ìlú ìyá ẹ̀ ló ń ki àwọn ìlú yẹn. Àwọn tí wọ́n bí sílé kì í sábà mọ oríkì ìlú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ ìlú ìyá ẹ̀ tiẹ̀ lè dákẹ́ ìlù nígbà tó bá yẹ. Tí wọ́n bá ń ṣe ọdún Ìgógó láti fi rántí Ọ̀rọ́nsẹ̀n, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lu ìlù nígboro fún ọjọ́ 17, agogo nìkan ni wọ́n ń lù. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó bá dàgbà sínú ìtàn irú ìlú bẹ́ẹ̀ máa mọyì ìlù nígbà tó bá padà dé.

Ọ̀rọ̀ igbó náà wà ńbẹ̀, mi ò ní fò ó. Ó kọrin nípa ẹ̀, orúkọ Doctor Ganja sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1995, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Original Music kó orin ẹ̀ jọ sórí sídì, wọ́n sì pè é ní Dr. Ganja's Polytonality Blues. Orúkọ yẹn ò dùn mọ́ mi nínú. Ọkùnrin tó kọrin nípa àdúrà, ìyàwó, owó àti ìlú fún ogójì ọdún, igbó ni wọ́n rí dì mú. Àmọ́ òtítọ́ ni pé nígbà tí àwo ń kúrò nílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí àwọn èèyàn wa ń fi àwo bo ìgò omi, àlejò ló jókòó tó da orin ẹ̀ sórí sídì, tó sì kọ àlàyé sínú ìwé ẹ̀. Ìyẹn náà dùn mí, lọ́nà mìíràn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù bọ̀ọ̀dá. Ilé mi ní Èkó, yàrá kan àti pálọ̀ ni. Mi ò lè kó kọ́bọ́ọ̀dù wọ ibẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ ra ohun ìgbàlódé tó ní gbogbo nǹkan nínú, àwọn àpótí aláwọ̀ tí ṣéńjà wà lórí ẹ̀ tí sípíkà sì wà lára ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ra irú ẹ̀. Ẹ má rà á. Sípíkà tó wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ń gbọn abẹ́rẹ́ náà, tẹ́ ẹ bá sì yí ohùn ẹ̀ sókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo yọ gbogbo wáyà, mo sì bi ara mi pé kí ni Orlando nílò gan-an. Bí mo ṣe ń gbọ́ àwo wọ̀nyẹn, ẹgbẹ́ ẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ onírúgúdù. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ jùjú ńlá ń fi gìtá kún gìtá, tiẹ̀ ò kún ibi tí kò yẹ kó kún. Gìtá mọ iṣẹ́ ẹ̀, ìlù mọ iṣẹ́ ẹ̀, ohùn wà láàárín. Káfíńtà ni. Ó mọ̀ pé àga ò nílò ẹsẹ̀ méje.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ bọ̀ọ̀dá: ṣéńjà, áńpù, sípíkà méjì, àti fóònù mi. Gbogbo ìyókù ni mo kó síta. Equalizer ló kọ́kọ́ lọ. Iná ẹ̀ dára lójú lóòótọ́, ohun tó sì ń ṣe náà ni pé ó ń da ohun tí ẹni tó gba orin sílẹ̀ ti tò tẹ́lẹ̀ rú. Sípíkà mẹ́rin di méjì. Áńpù ọ̀hún ti ń gbóná jù láti ọdún pípẹ́, torí pé tẹ́ ẹ bá so sípíkà méjì pọ̀ mọ́ ojú kan, iná tí áńpù máa tú jáde máa di ìlọ́po méjì. Bọ̀ọ̀dá ti gbé fáànù kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Kò tún nílò fáànù mọ́.

Ariwo oyin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń bá wáyà ṣéńjà wá, tó yẹ kí wọ́n dè mọ́ ìṣó kékeré tí wọ́n kọ GND sí lẹ́yìn áńpù. Ẹnì kan ti gé e. Mo fi òmíràn dè é, oyin fò lọ. Ohun tó tún kù nìyí, òun sì ni ọ̀pọ̀ yín máa ṣì ṣe: abẹ́rẹ́ àwo ò lágbára rárá. Iná tó ń gbé jáde ò ju nǹkan bíi millivolt 5 lọ, nígbà tí ẹ̀rọ sídì ń gbé volt 2, ìlọ́po 400. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo, wọ́n máa ń dín báàsì kù kí ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ má baà fẹ̀ jù, wọ́n á sì fi kún ohùn òkè kí ariwo eruku má baà borí ẹ̀. Ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ wà tó máa dá gbogbo ẹ̀ padà sípò. Inú ihò tí wọ́n kọ Phono sí lẹ́yìn áńpù ni ẹ̀rọ yẹn máa ń wà. Tẹ́ ẹ bá ki wáyà ṣéńjà bọ ihò AUX, Orlando á máa kọrin láti ìsàlẹ̀ kànga. Tẹ́ ẹ bá sì ki ti fóònù bọ Phono, etí yín á gbọ́ ẹjọ́. Áńpù bọ̀ọ̀dá ní ihò méjèèjì. Ṣéńjà wọ Phono, fóònù wọ AUX, ó parí. Bọ́tìnnì kan ni mo ń yí láti ọ̀dọ̀ Orlando dé ọ̀dọ̀ Asake. Tí áńpù yín ò bá ní Phono, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Àwọn ṣéńjà tuntun kan tiẹ̀ ní in nínú.

Mo náwó sórí nǹkan méjì péré: abẹ́rẹ́ tuntun àti bẹ́líìtì ṣéńjà. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ àtijọ́ gbọ́ àwo tẹ́ ẹ jogún o. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ ṣéńjà bọ̀ọ̀dá wò, mo rí kọ́bọ̀ kan tí wọ́n fi tépù lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀. Ẹ bi àwọn bàbá yín, gbogbo wọn ló ṣe é. Tí àwo bá ń fò, wọ́n á fi owó ẹyọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ ò fẹ́ ju gíráàmù méjì lọ. Kọ́bọ̀ yẹn ń ha ohùn Orlando kúrò lára àwo, díẹ̀díẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Méjì nínú àwo mọ́kànlá náà ò sí ohun tí mo lè ṣe sí wọn mọ́.

Iná náà ń kópa ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣéńjà àtijọ́ ló jẹ́ pé bí iná ìjọba ṣe ń ṣe ni mọ́tò inú wọn ń ṣe. Tí wọ́n bá fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tan án, tí jẹnẹrétọ̀ ń sáré jù tàbí tó ń falẹ̀, àwo náà á sáré, á falẹ̀. Mo rò pé ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà á sílẹ̀, torí pé nígbà tí mo gbọ́ Lógbà Lógbà láti ara àwo lórí iná inverter, kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀ lórí fóònù. Ó wúwo díẹ̀ sí i. Kò kánjú.

Ẹnì kan lè ní ṣé kí a wá máa gbọ́ àwo nìkan ni? Rárá o. Fóònù ni mo fi ń gbọ́ orin tí mo bá ń gbálẹ̀, tí mo bá ń sè, tí mo bá wà nínú ọkọ̀. Àwo mìíràn tí Orlando ṣe tí mi ò ní, orí fóònù náà ni mo ti ń wá a, ó sì dára jù láti gbọ́ ọ lórí sípíkà ńlá méjì ju kéèyàn má gbọ́ ọ lọ. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé kí ìran wa gbà pé ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ohun tó wà. Nínú àwo mọ́kànlá tó wà lọ́wọ́ mi, mẹ́ta wà tí mo wá títí lórí fóònù tí mi ò rí. Ní Ọ̀wọ̀, ní Ìdóàní, ní Ìfọ̀n, àwọn páálí bẹ́ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti lókè àjà, wọ́n ń gbóná lábẹ́ páànù, wọ́n ń ká bí ewé. Ẹ lọ wò ó kí àwọn onírin àlòkù tó dé. Ẹ gbé wọn nà ró, ẹ má tò wọ́n léra. Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù wọ́n yípo, ẹ má nù ún kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.

Orlando Owoh kú ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 2008. Ìgbà yẹn, Nàìjíríà ò tẹ àwo mọ́, kásẹ́ẹ̀tì ti ń lọ, sídì ló kún ìgboro, fóònù tó ń gbọ́ orin sì ti ń wọlé. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló bá gbogbo wọn pàdé, láti orí àwo kékeré tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo tò ó tán, ìyá mi wà nílé mi. Mo ti gbé sípíkà méjèèjì kúrò lára ògiri, mo jẹ́ kí àárín wọn jọ ibi tí àga wà, mo gbé ṣéńjà sórí tábìlì ọ̀tọ̀ kí sípíkà má baà gbọ̀n ọ́n. Mo fi Oríkì Ìlú Òkè sí i. Màmá ò sọ nǹkan kan. Fóònù mi dún lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbé e. Nígbà tí ojú kìíní parí, tí abẹ́rẹ́ ń ha àárín àwo, mi ò tíì dìde tí màmá ti dìde fúnra wọn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo létí, láìkan ojú ẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n yí i sí ojú kejì, wọ́n sì padà jókòó.